Bàbá Alátẹ́gùn àti Ẹ́ńjìnnì Tí Kì í Mu Omi

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Alátẹ́gùn ni ti ọjọ́ tó lọ kẹ́dùn nílé òkú tí kò mọ̀ rí. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni olóògbé náà. Èrò kún inú ilé, àga kò tó, àwọn ọmọ olóògbé sì ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Alátẹ́gùn wọlé tòun ti fìlà dúdú, ó fajú ro, ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó bọ gbogbo ọwọ́ tó yẹ kó bọ̀, ó wá gba àga kan jókòó sí.

Àga yẹn kò dúró sójú kan. Bí wọ́n bá gbàdúrà kan tán, àga ti sún. Bí ẹnì kan bá bú sẹ́kún tí gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀, àga tún sún. Nígbà tí ọmọbìnrin olóògbé máa fi gbé omi tútù dé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti bá àga náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló rí tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ọkọ̀ kékeré àtijọ́ ẹlẹ́yìn kugú tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n fi tapólì bò. Ó sáré pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìbànújẹ́ ti mú kí bàbá àgbàlagbà kan dákú. Wọ́n rọra fà á jáde. Ojú tí wọ́n rò pé omijé á kún, epo dúdú ló kún un.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," àkọ́bí olóògbé wí. "Níbo lẹ ti mọ bàbá wa?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe fi gírísì sí gbogbo oríkèé ọkọ̀ yìí. Ẹni rere ni wọ́n. Ó dùn mí pé mi ò mọ̀ wọ́n."

Wọ́n ní àkọ́bí yìí kò tíì sunkún láti àárọ̀. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Bàbá Alátẹ́gùn dì í mú títí ó fi dákẹ́, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá òun lè ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò, torí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà. Wọ́n gbà. Ó ṣí i. Wọ́n ti ta ẹ́ńjìnnì láti ayébáyé, adìyẹ kan ló ń sàba níbẹ̀. Adìyẹ wò ó, òun náà wo adìyẹ. Ó rọra pa á dé, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí ẹyin.

Kí ẹ tó sọ pé orí rẹ̀ dàrú, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gbé e débẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Etí rẹ̀ ríran ju ojú rẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òdì kejì òpópónà, á gbé orí sókè kúrò lórí oúnjẹ. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣàìsàn kì í jẹ́ kó gbádùn. Bó ṣe fẹ́ ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn. Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Máṣíìnì rẹ̀ kọṣẹ́, ó ránṣẹ́ pè é, ó tún un ṣe, ó sì ń padà wá ṣáá láti wò ó bóyá ó ti sàn. Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ló tó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sàn.

Ìgbà kan ló wá rí àwòrán ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ kan lára kàlẹ́ńdà. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ ni, kò ní òrùlé, imú rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ojúlówó irú rẹ̀, àwọn olówó ńlá ló ń fi í pamọ́ sínú ilé onígíláàsì. Bàbá Alátẹ́gùn bá ra ìjàpá àlòkù kan, ó bọ́ ara rẹ̀ dànù, ó ku egungun àti ẹ́ńjìnnì, ó wá fi ike fáíbà mọ ara tuntun lé e. Àkókò tí ẹlòmíràn fi ń kọ́lé ló fi kọ́ ọkọ̀. Àmọ́ nígbà tó parí rẹ̀, tó kùn ún ní àwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó kọjá lára rẹ̀ tí kò fọwọ́ pa á bí ẹní ń pa orí ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ pè é ní ẹ̀dà.

"Kì í ṣe ẹ̀dà," á ní. "Àbúrò ẹni tó wà lára kàlẹ́ńdà ni. Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn."

Ohun tó fi ń yangàn jù ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Kò ní rédíétọ̀, kò ní ọpọ́n omi, kò ní rọ́bà tó ń jò. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára tó fi ń tutù. "Òun kì í tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ni Bàbá máa ń wí. "Atẹ́gùn tí Ọlọ́run ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tó o." Torí ọ̀rọ̀ yìí tó ń sọ lówùúrọ̀, tó ń sọ lálẹ́, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Alátẹ́gùn. Àwọn kan ní àsọdùn rẹ̀ ni atẹ́gùn. Kò bínú sí wọn, kò ṣáà ti pe ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dà.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì náà, inú rere ló sì fi pa á. Awakọ̀ tírélà ni, ọkùnrin onínúure tí kò lè rí ọkọ̀ tó ń gbóná kó má fún un lómi. Ó yá ọkọ̀ yìí lọ sí òdì kejì odò. Nígbà tó fi máa dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín dáa," ó wí. "Ó kàn gbóná díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sì fún un lómi."

Bàbá Alátẹ́gùn gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Níbo lo gbà fún un lómi?"

"Mo kọ́kọ́ wá rédíétọ̀, mi ò rí i. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé láti fi sí i ni. Mo wá rí ọmọrí kékeré kan lẹ́yìn, mo dà á síbẹ̀. Ó mu ún gan-an o. Ó mu kẹ́ẹ̀gì kan tán, kò bì."

Ojú ihò tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ni. Bàbá Alátẹ́gùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó jọ pé ó ń sinmi."

Wọ́n fi okùn fà á wálé. Mẹkáníìkì àdúgbò tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó wò ó, ó wo Bàbá, ó wá bọ́ fìlà orí rẹ̀ bí ẹni wà níwájú òkú. Irin ti họ irin débi tí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

"Bàbá, èyí ò dìde mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé sí i. Wọ́n kún ọjà. Mo lè ra rédíétọ̀ kékeré kan, ká so ó mọ́ iwájú."

Bàbá Alátẹ́gùn yíjú sí i. "Ìwọ, ká ní ẹyẹ kan ṣàìsàn, ṣé wàá yọ ọkàn ẹja fún un?"

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì ni mo ń sọ."

"Èmi náà, òun ni mò ń sọ."

Bí wíwá ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ṣe ń rẹ ènìyàn, kó máa wá ohun tí wọn ò ṣe mọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ọjà irin tí eruku wọn kò ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ. Ó dúró lórí ìlà. Ó pe fóònù títí àwọn tó ń pè fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà pé àwọn kò sí nílé. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá Alátẹ́gùn rìn jìnnà. Ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ó rí abuké ejò, kò rí ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé wà nínú gáréèjì ilé wọn ní gbogbo àkókò yìí, ó nà gbalaja sáàárín bí ẹni tó dá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ sì ń fẹ́ gáréèjì. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ jìnnà, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ó fara dà á, ó tún fara dà á. Nígbà tó yá, ó pe ọkọ rẹ̀ jókòó.

"Bàbá wọn, ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, iwájú ilé onílé ni mo ti ń jókòó sinmi bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Gáréèjì ni mo fẹ́ gbé máṣíìnì mi sí. Bí òjò ọdún yìí bá fi dá, tí ọkọ̀ yín ò bá tíì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, màá pe àwọn tó ń ra irin àlòkù."

"Ike ló pọ̀ jù lára ẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí.

"Wọ́n á ra irin. Màá fi ike ta wọ́n lọ́rẹ."

Kò pariwo rárá. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ìyàwó tó bá ń pariwo ṣì ní okun láti fara dà á sí i.

Ó wá di pé bí òjò bá ń rọ̀, inú Bàbá Alátẹ́gùn á máa dùn; bí oòrùn bá yọ, á máa wo sánmà bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ lé e nílé. Láàárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan láti ìlú mìíràn pè é lórí fóònù pé òun ní ohun tó ń wá.

"Ṣé atẹ́gùn ló ń tù ú?" Bàbá béèrè.

"Atẹ́gùn ni."

"Kì í mu omi?"

"Ẹ̀kán omi ò kàn án rí."

Ó gbéra láti òwúrọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ òmíràn, òjò pa á, ó sì gbẹ síbẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré kan, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko hàn án. Ní tòótọ́, atẹ́gùn ló ń tù ú.

"Mo rò pé ti ọkọ̀ ni," Bàbá Alátẹ́gùn wí.

"Ẹ ò béèrè bó ṣe tóbi tó."

Àárẹ̀ kò jẹ́ kó lè bínú. Ó jókòó sórí àpótí kan. Bóyá láti fi dá a lára yá ni ọkùnrin náà ṣe fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Bàbá Alátẹ́gùn di ojú. Ó la ojú. Ó béèrè bóyá wọ́n ní sípánà kékeré.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kó tó wọlé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Mo rí ọ̀kan tó ń ṣàìsàn."

"Ẹ rà á?"

"Rárá o. Mo wò ó sàn."

Ìyàwó rẹ̀ kàn gbé omi gbígbóná wá kó fi ẹsẹ̀ sí. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu, agbára láti sọ ọ́ ni kò ní sí.

Àfi ọjọ́ tó ń bọ̀ láti ibì kan bẹ́ẹ̀, tó ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì, tó ṣàdédé gbórí sókè. Ó ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ pa rédíò. Ó ní kí ìyá tó ń pe fóònù dúró díẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni ohùn náà ti ń bọ̀, ohùn gbígbẹ tó ń sọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹni tó ń fi ṣíbí gbá agolo. Ó bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí ibùdókọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé etí rẹ̀ lọ.

Ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló bá ara rẹ̀. Láàárín ọgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá kan wà lórí ìjókòó irin, kò ní ọkọ̀ lára. Wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ìkòkò ńlá tó ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì. Oníbúlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ jáde wá, ọkùnrin títóbi tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ irun ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Mélòó lẹ fẹ́ rà?"

"Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì yìí ni mo fẹ́ rà."

Oníbúlọ́ọ̀kù rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò sùn. "Ẹ bá mi gbé wàhálà yìí lọ, màá dúpẹ́. Ọ̀lẹ paraku ni. Tó bá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó tún jí. Ẹ padà wá lọ́la, ká jọ sọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà."

Ẹlòmíràn á ti dúpẹ́, á ti máa lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Alátẹ́gùn ti gbọ́ pé púlọ́ọ̀gì kan kò jó dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò lè gbé ìkejì. Ó padà, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi páálí ha á, ó dá a padà. Ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dá ọwọ́ ṣọ́bìrì dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Oníbúlọ́ọ̀kù ti fọ ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń kọrin. Kí ni mo fẹ́ tà á ṣe?"

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, Oníbúlọ́ọ̀kù á ránṣẹ́ pé kí Bàbá wá rà á. Bàbá á sáré dé. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Bàbá á máa yí ojú síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa já mọ́ ọn lẹ́nu. Kí wọ́n tó ṣe àdéhùn, ó ti kúnlẹ̀ tì í. Kó tó dìde, kò sí títà mọ́. Ó ná an ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ń ná ohunkóhun lọ, òun gan-an ló sì ń gbé e níyì.

Ìyàwó rẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ yìí yé e, níbi tó ti ń fi àtàǹpàkò ra orúnkún ara rẹ̀.

"Ẹ lọ ra màlúù aláìsàn, ẹ wò ó sàn kí ẹ tó ná an. Ta ni yóò ta màlúù tó ń fò sókè fún yín? Ẹ jẹ́ kó ṣàìsàn. Ẹ kàn jẹ́ kó ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré."

"O fẹ́ kí n jókòó máa wò ó."

"Ẹ jókòó lé ọwọ́ yín méjèèjì."

Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà búlọ́ọ̀kù ṣì máa ń ṣe àfarawé rẹ̀ dòní. Wọ́n ní ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, ẹ́ńjìnnì ń sín, ó ń kú lọ, ó ń tún jí, gbogbo ìgbà tó bá sín ni èjìká Bàbá ń gbọ̀n. Ó ti sú Oníbúlọ́ọ̀kù, ó ti fẹ́ fẹnu kò. Ó kù díẹ̀.

"Ẹ kàn dín epo tó ń lọ sí i kù," Bàbá Alátẹ́gùn wí lójijì. "Sikúrù kékeré yẹn. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó wà lápá òsì."

Nígbà tó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò fọwọ́ kàn án," ó wí.

"Ẹnu yín ńkọ́?"

Ó lọ fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Òjò dá. Kò dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń rọ̀ díẹ̀, ó ń ṣíwọ́, títí ẹnikẹ́ni ò fi lè sọ mọ́ pé ó ṣì ń bọ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Bàbá Alátẹ́gùn kò wo sánmà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ di ìborùn mọ́rí, ó mú igi tó fi ń tilẹ̀, ó sì lọ sí ọgbà búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ó dúró sinmi lọ́nà, ó tún dúró. Nígbà tó débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó rí ni ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Àwọn òṣìṣẹ́ yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ìtàn omi kẹ́ẹ̀gì fún wọn láti abẹ́ ibẹ̀.

Oníbúlọ́ọ̀kù tẹ́ àpò sórí búlọ́ọ̀kù kan fún un. "Ìyá, ẹ jókòó."

"Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ta nǹkan yìí fún ọkọ mi, kí n lè rí ibi jókòó sí nílé mi."

Ọkùnrin náà họ irun ojú, sìmẹ́ǹtì bọ́ sílẹ̀. "Ìyá, kí n má purọ́ fún yín. Ohun tí Bàbá ń ná an sí ti tẹ́ mi lọ́rùn tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tà á, wọn ò ní padà wá mọ́. Ibí yìí ò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a kì í bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ́rí la fi ń ṣiṣẹ́." Ó wo igi ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ ẹ̀yin ti fi orúnkún yẹn rìn wá. Bí ẹ bá ní kí n tú u lónìí, màá tú u lónìí."

Bàbá Alátẹ́gùn ti jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó mú sípánà, ó fi sẹ́nu nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó yí i. Nọ́ọ̀tì náà dẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ̀ ló wà yìí.

"Kí lẹ máa fi po yanrìn lọ́la?" ó béèrè, kò gbójú sókè.

"Ṣọ́bìrì," òṣìṣẹ́ kan dáhùn.

"Ọ̀tunla ńkọ́?"

"Ṣọ́bìrì náà ni, Bàbá."

Ó wo ṣọ́bìrì tó wà lára ògiri. Ó wo ọwọ́ ẹni tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ó yí sípánà padà sọ́tùn-ún, ó sì mú nọ́ọ̀tì náà le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó ti ń dẹ̀ díẹ̀," ó wí. "Mo kàn ní kí n mú un le ni."

Wọ́n jọ rìn lọ sílé. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ nítorí orúnkún, òun sì ń rọra gbẹ́sẹ̀.

"Ìyá wọn, òjò ti dá."

"Mo mọ̀."

"Àdéhùn ni. Pe àwọn onírin yẹn lọ́la. Kí wọ́n ṣáà wá nígbà tí mi ò sí nílé."

Ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí gùgù lórí òkè kékeré tó wà níwájú ilé wọn, èyí tó máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Alátẹ́gùn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò sì tètè padà. Nígbà tó máa dé, ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ máṣíìnì ìyàwó rẹ̀ tó ń sáré kíkan kíkan nínú ibẹ̀. Ó yọjú. Wọ́n ti ti ọkọ̀ aláwọ̀ ewé lọ mọ́ ògiri. Máṣíìnì ìránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ jókòó sí àyè awakọ̀, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń dúró kí wọ́n bá a parí etí aṣọ rẹ̀.

"Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n," ìyàwó rẹ̀ wí, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. "Tí ẹ bá sún un mọ́ ògiri, àyè wà. Gbogbo ìgbà tí mò ń jà fún ibí yìí, ẹ̀yin ò wọ̀n ọ́n, èmi náà ò wọ̀n ọ́n."

"Ta ló bá ọ tì í?"

"Àbúrò mi. Mo ní kó má fi omi sí ohunkóhun."

Àwọn oníbàárà wá fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn kan a máa mú aṣọ tí kò ya wá, kí wọ́n kàn lè dúró díẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá Alátẹ́gùn a máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, á máa ṣàlàyé fáànù, á máa fi ọwọ́ júwe bí atẹ́gùn ṣe ń gba ibí wọlé, tó ń gba ọ̀hún jáde. Bó bá sú wọn, wọ́n á tijú láti sọ, torí àga ọkọ̀ náà rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ni Bàbá Alátẹ́gùn kú. Ó sùn lọ́sàn-án, kò jí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọgbà búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe pé ó kọṣẹ́. Àwọn ará òpópónà yẹn ní àwọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn rẹ̀ ti mọ́ àwọn lára tó bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó múra dáadáa ń kọjá lọ, ó rí imú ọkọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wọlé, ó yí i ká, ó fọwọ́ pa á lórí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ó ní òun ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́. Ó ní ẹ̀dà tó dáa báyìí ṣọ̀wọ́n.

"Kì í ṣe ẹ̀dà," ìyá aránṣọ wí, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣé ẹ máa tà á? Mo rí i pé kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín."

Ìyá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó wò ó láti orí dé bàtà, bí ẹni tó fẹ́ mọ bóyá ó lè rìn jìnnà.

"A ò tà á," ó wí. "Ẹ́ńjìnnì la ń wá sí i. Èyí tí atẹ́gùn ń tù ni o. Bí o bá gbọ́ ibi tó wà, wá sọ fún mi, ibi yòówù kó jẹ́. Jókòó ná, kí n ṣàlàyé bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń rí."